A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Obìnrin àti Ìṣàkóso Ìlú

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí a bá fi òwe yìí wo ètò ìṣàkóso ìlú, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ti ń pinnu rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ń pa òfin yìí mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ìtàn àwọn obìnrin Abẹ́òkúta láàrin 1918 sí 1949 jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá fún wa lórí rẹ̀.

Láyé àtijọ́, àga wà fún obìnrin nínú ìṣàkóso ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì títí di òní, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó sábà máa ń ṣe adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, àwọn ìjòyè yóò sì máa bá a gbìmọ̀ títí ọba tuntun yóò fi gorí ìtẹ́. Ní Abẹ́òkúta, Ẹfúnróyè Tinúubú ni ó jẹ oyè Ìyálóde ní 1864. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbé àṣà yìí gẹ̀gẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Adelé kì í pẹ́ lórí àga, olówó àti alágbára sì ni Tinúubú. Ìyá tí ń ta ata lọ́jà kò bá a débẹ̀. Ṣùgbọ́n àga náà wà, obìnrin ni ó sì jókòó sí i.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó yí ètò yìí padà. Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀ ní 1914; ní 1918, owó orí dé. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin a sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15. Nígbà tí ó yá, gbogbo àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Owó obìnrin wọ àpò ìlú, ohùn obìnrin kò wọ ìgbìmọ̀.

Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá sílẹ̀ jẹ́ ti àwọn obìnrin tí ó kàwé ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn wá, ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1946, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí. Ransome-Kuti bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń sọ Yorùbá ní gbangba, kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má baà di àlejò nínú ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ sì ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin Aké ká. Ní 1948, a dá owó orí obìnrin dúró. Aláké kúrò nílùú ní oṣù Keje, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1949. Obìnrin 4 wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Ransome-Kuti sì wà lára wọn. Aláké padà sórí oyè ní 1950, èyí tí ó fi hàn pé irú iṣẹ́ yìí kì í tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò sì tíì tán. Abala 97 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò máa lò, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún èdè mìíràn bí àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo àwọn tí ó ní ìpèníjà ara. Ó fún wa ní ọdún 5 láti tún àwọn ilé ìlò gbogboògbò ṣe kí wọ́n lè rí ọ̀nà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé.

Bí a bá pe ènìyàn sí ìpàdé, tí àtẹ̀gùn dí i lọ́nà, tàbí tí èdè ìpàdé sé e mọ́ ìta, a kò tíì pè é. Ìbáà ṣe ní Abẹ́òkúta, ìbáà ṣe ní Ìlasà-Èkìtì, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú kàn ni ó ni orí tí a fẹ́ fá. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.