Virgil Tibbs, káàdì ìgbélùú, àti àwa ará Èjìgbò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo In the Heat of the Night lálẹ́ àná. Fíìmù 1967 ni o, Norman Jewison ló darí ẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni màá bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Èjìgbò ni mo bá. Á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Wọ́n pa olówó kan ní ìlú kékeré kan ní Mississippi. Ọlọ́pàá rí ọkùnrin dúdú kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin lóru, tó ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n tú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀, wọ́n rí owó. Ó parí! Àlejò ni, ó dúdú, ó lówó lọ́wọ́, òun ló pààyàn. Àṣé ọlọ́pàá ni òun náà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Philadelphia, tó wá kí ìyá ẹ̀.

Sidney Poitier ló ṣe ọkùnrin yẹn, Virgil Tibbs. Ibi tí bàbá olóko òwú ti gbá a létí, tó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀, mo pariwo, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n Poitier fúnra ẹ̀ ò gbà kí wọ́n ya fíìmù náà ní Mississippi, torí àwọn Ku Klux Klan ti lé òun àti Harry Belafonte níbẹ̀ rí ní 1964. Illinois ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù.

Ibùdókọ̀ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Àwa mọ ẹni tó ń jókòó de ọkọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Láti Èjìgbò, bọ́ọ̀sì ń gbéra lọ Àbíjàn tààrà: Benin, Togo, Ghana, kó tó wọ Ivory Coast. Ilé mélòó ló wà nílùú wa tí kò ní ẹni tó ti tajà ní Treichville tàbí Adjamé rí? "Anango" ni wọ́n ń pè wá lọ́hùn-ún.

Ní 1990, òfin jáde níbẹ̀ pé kí àjèjì gba káàdì ìgbélùú, carte de séjour. Alassane Ouattara, tó di mínísítà àgbà lọ́dún yẹn, ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀. Ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ dúró, á wo ojú, á wo orúkọ, á ní kí o sọ̀ kalẹ̀. O níwèé o, o ò níwèé o, owó á jáde. Bédié wá gbé Ivoirité dé: ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀? Ẹ wá gbọ́: Ouattara náà ni wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ilẹ̀, wọn ò jẹ́ kó du ipò ààrẹ ní 2000. Ẹni tí wọ́n fi káàdì mọ̀! Ọdún 2007 ni wọ́n fagi lé káàdì náà fún àwa ọmọ ECOWAS. Ouattara di ààrẹ ní 2011.

Kò sí òyìnbó kankan nínú ìtàn yìí o. Dúdú ló ń ṣe dúdú. Ọdún méjì péré lẹ́yìn fíìmù yẹn, ní November 18, 1969, Busia fún àjèjì tí kò níwèé ní Ghana ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kẹ́rù wọn. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ní January 1983, àwa náà lé ọmọ Ghana, lábẹ́ Shagari. Báàgì tá a fi wọ́n sọ lórúkọ, ó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín báyìí. Àwa náà ti jẹ́ ọlọ́pàá ibùdókọ̀ yẹn rí.

Ẹni tí ìyá àgbà ẹ̀ bá ṣì ní carte de séjour nínú àpótí, ẹ bi wọ́n iye ìgbà tí wọ́n ń bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wọn láàárín ọjọ́ kan. Ẹ kọ èsì wọn sísàlẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò ẹ̀, ẹ bo orúkọ àti nọ́ńbà o.