Ìbọn Ìléwọ́ Nínú Àpò Agunkẹ̀kẹ́: Ẹ̀rù, Òfin àti Ojú Ọ̀nà ní Ilẹ̀ Faransé, 1885–1904

Ní ọdún 1894, Charles-François Galand, ẹni tí ó ń rọ ìbọn tí ó sì ń tà á ní ìlú Paris, gbé ọta àti ìbọn ìléwọ́ kékeré kan jáde fún irú oníbàárà kan tí kò wọ́pọ̀ ní ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà: ẹni tí ó ń dá gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà ìgbèríko. Orúkọ ìbọn náà, Velo-Dog, so kẹ̀kẹ́ àti ajá pọ̀. Orúkọ náà lè pa òǹkàwé òde òní lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ìtàn ìbọn yìí fi hàn pé kì í ṣe bí ewu ṣe pọ̀ tó nìkan ni ó ń pinnu ẹni tí yóò gbé ohun ìjà. Ipò ẹni náà láwùjọ àti ojú tí òfin fi ń wo ẹ̀rù rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń pinnu rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́kọ́ yí padà. Ní ọdún 1885, John Kemp Starley ní ìlú Coventry gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop mú táyà rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ wá. Láti ìgbà náà, akọ̀wé, dókítà, oníṣòwò àti obìnrin ilé olówó lè jáde kúrò nínú ìlú ní òwúrọ̀ kí wọ́n sì ti la abúlé púpọ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní pákó láàárín ara rẹ̀ àti ohun tí ó wà nílẹ̀. Agunkẹ̀kẹ́ kò ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè ń lọ sódò ní ìwọ̀n ẹnu ajá, ajá oko sì máa ń lé ohun tí ó bá ń sá.

Ẹ̀rù ajá nígbà náà ju ẹ̀rù ọgbẹ́ lọ. Ajá dìgbòlugi wà káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tí àrùn náà bá sì ti hàn lára rẹ̀ kì í yè. Oṣù Agẹmọ ọdún 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fún ọmọdékùnrin kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní Paris; ilé ìwádìí tí ó ń jẹ́ orúkọ Pasteur sì ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1888. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹni tí ajá bá bù jẹ ní abúlé jíjìnnà ní láti rin ìrìn-àjò kí ó tó rí ìtọ́jú, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

Àpò aṣọ ni àwọn tí ó rọ Velo-Dog ní lọ́kàn. Òòlù kékeré tí ń lu ìdí ọta wà ní ìpamọ́ nínú ara ìbọn, kí ó má baà há mọ́ aṣọ bí a bá fà á yọ ní kánmọ́kánmọ́. Ibi tí ìka ń fà ṣeé ká sókè mọ́ ìbọn, kò sì sí irin tí ó yí i ká. Ìbú ọta náà kò tó mílímítà 6, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n tún ń ta ọta tí a fi ata gígún, ìda tàbí kọ́ọ̀kì ṣe, fún ẹni tí ó fẹ́ lé ajá láìpa á. Kò pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Sípéènì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, tí Velo-Dog sì di orúkọ gbogbo ẹ̀yà ìbọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó mú ọwọ́ kan kúrò lára kẹ̀kẹ́ láti wá ìbọn nínú àpò, nígbà tí ajá ń bẹ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ná. Nítorí náà, kò yẹ kí a ka iye ìbọn tí a tà sí iye ajá tí a yìn ín sí. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń fi owó rà.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó díjú jù. Òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1834 fi ìyà sí gbígbé ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, àṣẹ ọba ti ọdún 1837 sì ka ìbọn ìléwọ́ inú àpò mọ́ irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí a fi pamọ́ ni aráàlú kò lè ṣọ́ra fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògún 1885, òfin mìíràn yọ̀ǹda fún àwọn oníṣòwò láti máa rọ ìbọn kí wọ́n sì máa tà á, yàtọ̀ sí irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ń lò. Òfin kan ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtajà. Òfin kejì ti ẹnu àpò pa. Àárín àwọn méjèèjì ni Velo-Dog ti rí àyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1870 béèrè ṣílè 10 fún ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé ìbọn jáde kúrò nílé rẹ̀. Ọdún 1903 ni òfin tí ó dá lórí títa ìbọn ìléwọ́ kúkúrú tó jáde níbẹ̀, ó sì di ọdún 1920 kí àṣẹ ọ̀gá ọlọ́pàá tó di dandan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà jàǹfààní níhà méjèèjì. Irin tí a ń lu, tí a ń lọ̀, tí a sì ń gbẹ́ fún ìbọn ni a tún ń lò fún kẹ̀kẹ́. Ní Saint-Étienne, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ní ìbọn àti kẹ̀kẹ́ nínú orúkọ rẹ̀. FN ní Herstal ṣe méjèèjì bákan náà. BSA ti Birmingham, tí àwọn ará Yorùbá mọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, ń fi àwòrán ìbọn mẹ́ta ṣe àmì ọjà rẹ̀.

Ẹ̀bá Saint-Étienne yìí kan náà ni ó ti hàn ní ọdún 1904 pé ajá kọ́ ni olórí ewu ojú ọ̀nà. Nínú ìdíje Tour de France ọdún náà, àwọn alátìlẹ́yìn Faure, ọmọ agbègbè náà, dènà lóru ní òkè Col de la République. Wọ́n lu Maurice Garin àti Giovanni Gerbi kí ẹni tiwọn lè máa lọ níwájú. Àwọn olùdarí ìdíje ní láti yìnbọn sókè kí èrò tó tú ká. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lù kọ́ ni ó yìnbọn. Àwọn aláṣẹ ìdíje ni.

Ìbéèrè nípa ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ìbọn lójú ọ̀nà ti kan ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú èyí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ 1890, ní Brussels, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú. Àdéhùn náà ka kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ìbọn ìgbàanì tí òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀ nìkan ni ó ṣì ní ọ̀nà títà. Kì í ṣe irọ́ pé ìbọn ń ran òwò ẹrú lọ́wọ́. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò tíì tán nígbà náà, ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀ sì ti yí ọwọ́ ogun náà padà. Ṣùgbọ́n àdéhùn yìí dá arìnrìn-àjò kan sí: ẹni tí ó ní ìwé ìjọba rẹ̀ pé ìbọn ọwọ́ òun wà fún ààbò ara òun nìkan. Oníṣòwò Ìbàdàn tàbí Iléṣà tí ó ń rin ọ̀nà tí ogun ti bàjẹ́ kò ní irú ìjọba tí àwọn olùfọwọ́sí náà yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Velo-Dog kò pẹ́. Láti ọdún 1906, ìbọn àpò Browning tí FN ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí ó sì ń rà á kì í mẹ́nu ba ajá mọ́. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn mú níbẹ̀ ni ìwọ̀n tí a fi wọn ẹ̀rù láàárín ọdún díẹ̀ wọ̀nyẹn. Ní Faransé, ajá abúlé tó láti fi ta ìbọn fún akọ̀wé tí ó ń ṣeré jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá, ogun àti ìkónilẹ́rú kò tó láti fún oníṣòwò ní irú ìwé tí àlejò rí gbà.