Ọ̀bọ Tí Wọ́n Bí Sínú Àgò

Bí owó Bràsíl bá ti kàn yín lọ́wọ́ rí, ẹ wo ẹ̀yìn 20 reais dáadáa. Ẹranko kékeré kan wà níbẹ̀ tí irun rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, tó yí i lójú ká bíi ti kìnnìún. Mico-leão-dourado ni wọ́n ń pè é. Ọ̀bọ ni, àmọ́ kò wúwo tó ike omi 75cl.

Igbó ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro nìkan ló ti ń gbé láìsí ẹni tó ń sìn ín. Ó ń jẹ èso, ó ń fi ìka gígùn tọ́ kòkòrò àti alángbá kéékèèké jáde nínú ewé àti èèpo igi. Tílẹ̀ bá ṣú, gbogbo ẹbí á kó wọ ihò igi lọ sùn. Ìbejì ló sì sábà máa ń bí, bàbá á máa pọ̀n wọ́n kiri. Àwa tí a ń pe ìbejì lẹ́dun, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wa.

Àwọn Potogí dé ní 1500. Wọ́n gé igi, wọ́n gbin ìrèké, lẹ́yìn náà kọfí, ẹrú Adúláwọ̀ ló ṣe iṣẹ́ oko ọ̀hún. Màlúù àti títì tẹ̀ lé e. Wọ́n tún ń mú ọ̀bọ náà tà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣeré nílé. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n ní èyí tó kù nínú igbó ò tó 200. Adelmar Coimbra-Filho, onímọ̀ ẹranko ọmọ Bràsíl, ló pariwo títí tí ìjọba fi ya igbó Poço das Antas sọ́tọ̀ ní 1974.

Àwọn ọgbà ẹranko òkè òkun náà ń sin ín. Ní 1984 wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn padà sínú igbó. Ibí yìí ló ká àwa tí a ń kọ kóòdù lára jù. A mọ bó ṣe máa ń rí: nǹkan á ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà ẹni, ẹ gbé e jáde fáráyé, ó dojú dé. Igi tó dúró gbọin nínú àgò ni àwọn ọ̀bọ yìí mọ̀. Ẹ̀ka tó ń mì rú wọn lójú. Wọn ò mọ oúnjẹ tó sá pamọ́ wá, wọn ò mọ ọ̀nà ilé. Ọ̀pọ̀ kú, àwọn mìíràn sọnù.

Wọ́n gbìyànjú láti kọ́ wọn kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún wọn nínú igbó, títí wọ́n fi bímọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ló mọ igbó.

Wọ́n pọ̀ tó 3,700 ní 2014. Ni ibà pọ́njú bá wọlé, ó kù bíi 2,500. Àṣé wọ́n lè gún ọ̀bọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára! Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di 2023 wọ́n ti tó 4,800.

Igbó tó kù ṣì já sí wẹ́wẹ́, títì BR-101 là á kọjá. Ní 2020 wọ́n parí afárá kan sórí títì náà, wọ́n gbin igi sí i, kí ọ̀bọ lè ti apá kan bọ́ sí èkejì. Nígbà náà, ó kù kí igi náà dàgbà.