Ilẹ̀ Ilé Iṣẹ́ Kì Í Ṣófo: Ìtàn Old Kent Road àti Ohun Tí Ó Fi Kan Ìkirè

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé ní Peckham, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi í léèrè irú ilé tí ìjọ rẹ̀ ti ń jọ́sìn. Ó ṣeé ṣe kí ó dá yín lóhùn pé ilé ìkẹ́rùsí ni: ilé gígùn onípáánù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ tó èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọlé, tí àwọn mẹkáníìkì wà ní ọ̀tún rẹ̀, tí àwọn òǹtẹ̀wé sì wà ní òsì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n ń pè ní Old Kent Road. Láti ọdún 2016 ni káńsù Southwark, tí àgbègbè náà wà lábẹ́ rẹ̀, ti ń ṣètò láti sọ ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ di ilé gogoro. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a wà ní Ìkirè àti Àpòmù, ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ àwọn tí ó wà lórí rẹ̀ lónìí.

Títì àtayébáyé ni. Àwọn ará Róòmù gba ibẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Dover ní etí òkun. Oko ni ó yí i ká títí di ọdún 1801, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbẹ́ odò Grand Surrey Canal. Odò tí a fọwọ́ gbẹ́ yìí dé Camberwell ní ọdún 1810, ẹ̀ka rẹ̀ sì dé Peckham ní 1826. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ọjà Àpòmù wà nínú ògo rẹ̀, tí Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ ń pàdé níbẹ̀, kí ogun Òwu tó dà á rú. Bí odò ti ń gbé pákó àti èédú wá ni ilé iṣẹ́ ń hù létí rẹ̀. Ní 1816, wọ́n kọ́ ààrò tí wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun fún àwọn ọ̀mọ̀lé. Ní 1833, ilé iṣẹ́ gáàsì South Metropolitan bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú láti fi tan iná sí òpópónà àti ilé.

George Livesey ni orúkọ tí ó lókìkí jù nínú ìtàn ilé iṣẹ́ gáàsì náà. Láàárín 1879 sí 1881 ni ó kọ́ àgbá gáàsì ràgàjì kan tí egungun irin rẹ̀ ṣì dúró títí di òní. Ní ìparí ọdún 1889, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó kó àwọn mìíràn wọlé dípò wọn, ó sì ṣẹ́gun ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ilé ìkàwé tí Livesey fi ta àwọn ará àdúgbò lọ́rẹ. Bóyá ọ̀rẹ́ wọn ni tàbí ọ̀tá wọn, èmi kò lè sọ.

Kò sí ilé iṣẹ́ tí kì í darúgbó. Ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, èbúté Surrey kógbá wọlé ní 1970, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ dí odò náà díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, nínú ogun Hitler, ìwé ètò kan ti jáde ní 1943 láti ọwọ́ Abercrombie àti Forshaw, tí ó ní kí apá kan àgbègbè náà di ọgbà ìgbafẹ́. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé àti ilé iṣẹ́, wọ́n sì ń wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọgbà tí ó jáde nínú rẹ̀ ni Burgess Park, tí wọ́n fi orúkọ Jessie Burgess sọ ní 1973, ìyẹn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí ìlú Camberwell. Ẹni tí ó bá débẹ̀ yóò rí ààrò ẹfun ọdún 1816 náà láàárín koríko, yóò sì rí afárá irin kan tí wọ́n kọ́ ní 1906 kí àwọn ènìyàn lè gba orí odò kọjá. Afárá náà wà síbẹ̀, kò sì sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí kò di ọgbà kò dùbúlẹ̀ lásán. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ inú àwọn ilé ìkẹ́rùsí lọ. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ti lérò pé òun yóò kàwé tán kí òun sì padà wálé ni kò padà mọ́. Wọ́n dá ìjọ sílẹ̀. Wọ́n nílò ibi tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí ó gba èrò, tí aládùúgbò kò ní pe ọlọ́pàá nítorí ìlù ìṣọ́ òru. Ilé ìkẹ́rùsí ni ó bá gbogbo rẹ̀ mu. Nígbà tí Yunifásítì Roehampton gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2013, ìjọ tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn tó 240 ní Southwark nìkan.

Ibí yìí ni wàhálà ti wọlé. Òfin ìlú wọn ní ilé tí a kọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ di ilé ìjọsìn láìgba ìwé àṣẹ káńsù, àwọn ìjọ tí kò sì gbà á pọ̀. Nítorí náà, nínú àwòrán ilẹ̀ káńsù, ilé ìkẹ́rùsí ṣì ni ilé tí wọ́n ti ń ṣèrìbọmi, tí wọ́n ti ń so yìgì, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Òfin dáàbò bo egungun irin àgbá gáàsì Livesey, ẹnikẹ́ni kò lè wó o bí ó ṣe wù ú. Ìjọ tí kò ní ìwé àṣẹ, tí àdéhùn ilé rẹ̀ kò sì ju ọdún kan sí méjì lọ, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ìwé ètò tí káńsù gbé jáde ní 2016 sọ̀rọ̀ nípa ilé 20,000 àti iṣẹ́ tuntun 5,000, pẹ̀lú ibùdókọ̀ ojú irin méjì lórí ọ̀nà Bakerloo. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ta kò ó pé àwọn kì í ṣe òkú. Wọ́n kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Vital OKR, wọ́n ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ń lọ nínú àwọn ilé tí àlejò lè rò pé ó ti di ahoro. Ìrírí tún wà lójú wọn: káńsù kan náà ni ó ta ilẹ̀ ilé Heygate ní Elephant and Castle fún ilé iṣẹ́ Lendlease, wọ́n wó o tán ní 2014, àwọn tí ó ti ń gbé ibẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ṣùgbọ́n òfin ní kí káńsù tẹ ètò rẹ̀ jáde kí ó sì gbọ́ tẹnu ará ìlú, Southwark sì tún ìwé náà kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò tíì sí owó fún ọ̀nà ojú irin náà, síbẹ̀ àwọn ilé gogoro ti ń yọrí.

Ó wá ku tiwa. Ìlú kòkó ni Ìkirè àti Àpòmù. Nígbà tí ìjọba ológun pa àjọ tí ń ra kòkó rẹ́ ní 1986, ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí ní àwọn ìlú kòkó ilẹ̀ Yorùbá pàdánù iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ́ wọn. Káfíńtà, mẹkáníìkì, ẹlẹ́ran àti oníwàásù ni irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́, láìsí ìwé kankan ju rìsíìtì owó ilé lọ. Bí káńsù bá sì pinnu láti tún irú ibẹ̀ ṣe, ohun tí a mọ̀ wọ́n mọ́ ni kí katakata wá wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tí ó lówó ra ṣọ́ọ̀bù náà.

Ní ti òfin, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin ètò ìlú ti 1992 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ aṣètò tirẹ̀. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà. Oṣù keje lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjà lórí ta ni ó ni àga káńsù ní Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí ní Ìkirè, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ọ́fíìsì sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ́fíìsì Irewọlé ní Ìkirè àti ti Ìṣọ̀kan ní Àpòmù yóò tún máa ṣètò ilẹ̀. Kí ayàwòrán tó dé, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí akọ̀wé méjì lè fi ẹsẹ̀ rìn kó jọ: ta ni ó wà nínú ilé wo, láti ìgbà wo, iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe níbẹ̀, àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mélòó ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.