Àpá Láìsí Ọgbẹ́

Bí ìbàdí bá ń dun àgbàlagbà ní àdúgbò Adégbàyí, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ìtọ̀ kò bá yá, wọ́n á ní àtọ̀sí ni, ìtìjú á sì wọ ọ̀rọ̀. Orúkọ méjèèjì ti gbé àìsàn púpọ̀ mì; ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984 bá àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ti oníṣègùn ṣì kù.

Ẹ wo èyí tí àwọn dókítà ń pè ní retroperitoneal fibrosis. Albarrán ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Paris ní 1905. Ormond, ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí àwọn oníṣègùn kà á sí àìsàn gidi ní 1948. Ẹran líle á hù yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níwájú ọ̀pá ẹ̀yìn ká, á sì fún ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín pa. Ìtọ̀ á há sókè, kíndìnrín á wú. Ẹran bẹ́ẹ̀ ló ń dí ojú ọgbẹ́ tó jinná, ìyẹn ni mo fi pè é ní àpá.

Níbo? Bí a bá ní "ẹ̀yìn awọ ikùn", aláìsàn á fọwọ́ kan ara rẹ̀ lóde. "Àpá ẹ̀yìn awọ-ìfun" sàn jù.

"Ọ̀nà ìtọ̀" nìkan kò tó. Méjì ti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀, ẹyọ kan ló jáde síta. Ọ̀nà ìtọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni kí á máa wí.

Skáànù CT ló ń fi àpá náà hàn. Wọ́n lè gé díẹ̀ wò, torí jẹjẹrẹ lè fara jọ ọ́. Oògùn prednisolone ló sábà máa ń mú un súnkì. Bí kò bá gbọ́ oògùn, iṣẹ́ abẹ á tú ọ̀nà ìtọ̀ òkè sílẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, wọ́n á ti rọ́bà sínú rẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn.

Rọ́bà tí gbogbo ayé mọ̀ ní àpò tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ti ọ̀nà ìtọ̀ òkè yìí kò hàn síta rárá, láàárín oṣù mélòó kan sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tàbí pààrọ̀ rẹ̀; ẹni tó bá gbàgbé, òkúta á hù lára rọ́bà náà. "Rọ́bà inú" ni mo ń pè é. Orúkọ tó bá lè rán aláìsàn létí ọjọ́ ìpadàbọ̀, mo gbà á, ìbáà má wu ọ̀mọ̀wé.