Sísá àti Dídà

Ẹni tí ó bá gba Agége lọ sí Ìfàkò-Ìjàyè lónìí yóò rí ilé iṣẹ́, ọjà àti ọkọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bóyá ni yóò rántí ìlú ńlá òkè nì tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, tí àwọn ará Ìbàdàn fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá ń kọ ìtàn náà, a máa kọ ọ́ pé àwọn ará Ìjàyè rin “ìrìn ikú” lọ sí Abẹ́òkúta. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Àwọn Òyìnbó ni wọ́n ní orúkọ tí a túmọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fi pe gbogbo ìrìn àjò tí ènìyàn kú sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì kó nǹkan bí 60,000 ẹlẹ́wọ̀n jáde láti Auschwitz nínú òtútù yìnyín; ẹni tí kò bá lè rìn mọ́, wọn a yìnbọn pa á. Àwọn tí ó kú tó 15,000. Dídà ni a dà wọ́n, bí a ti ń da ẹran.

Àwa náà mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí a sì mú ọmọdékùnrin kan, Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn náà. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ròyìn bí a ti fi okùn sí wọn lọ́rùn, tòun ti ìyá rẹ̀, tí a sì fi ẹsẹ̀ dà wọ́n dé Ìsẹ́yìn, níbi tí a ti pín wọn níyà. “Ìgbèkùn” tí a ń kà nínú Bíbélì sọ ipò ẹni tí a ti mú. Kò sọ ti ojú ọ̀nà. Nítorí náà èmi kò kọ “ìrìn ikú,” bí a bá lè fi í sí àyè rẹ̀.

Ti Ìjàyè ńkọ́? Láti ọdún 1860 ni ogun ti wà níbẹ̀. Kúrunmí ti kú ní ọdún 1861, ebi sì ti pa ìlú. Nígbà tí ìlú bọ́, ọ̀pọ̀ sá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìsá ni èyí, bí ó tilẹ̀ le tó: kò sí ẹni tí ó mú okùn lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ogun tẹ àwọn mìíràn, a sì kó wọn lẹ́rú lọ. Ìlú kan náà ni, ìṣubú kan náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè pínyà lẹ́nu ibodè, kí ọ̀kan sá, kí a sì da èkejì.