Ekùkù àti Sányán: Ìtàn Àfòpiná Kan láàrin Igi Arère, Òfì àti Ilé Ìwòsàn

Bí a bá dárúkọ àfòpiná létí Yorùbá, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni kòkòrò tí ó lóun yóò pa fìtílà, tí ó wá pa ara rẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni òwe fi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìran àfòpiná kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di ẹ̀wù lára ọba àti ìjòyè, tí ọmọ rẹ̀ sì di oúnjẹ nínú ìkòkò tálákà. Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí aṣọ òkè kò kéré, ṣùgbọ́n ìdí òfì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní sẹ́dà inú igbó ni a fi ń hun sányán, wọ́n á sì kọjá lọ sórí àrà àti ìlò aṣọ náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, orí igi ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Anaphe ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìran àfòpiná yìí. Kòkòrò kékeré ni, ara rẹ̀ kún fún irun, ìyẹ́ rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀, ilà aláwọ̀ ilẹ̀ sì gba orí rẹ̀ kọjá. Òru ni ó ń fò, nítorí náà ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní àgbà kò pọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀, òun ni a ń pè ní ekùkù. Abo a máa yé ẹyin ní ṣùkù sára ewé, a sì fi irun ìdí ara rẹ̀ bò wọ́n. Nígbà tí ẹyin bá pa, àwọn ọmọ kì í fọ́nká. Wọn a jọ jẹun, wọn a jọ sinmi, bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn, tí orí èyí yóò kan ìdí ìyẹn. Bí wọ́n bá pọ̀ lórí igi kan, wọ́n lè jẹ ewé rẹ̀ tán pátápátá. Irun ara wọn a máa yúnni gan-an, ẹni tí ó bá fọwọ́ lásán kó wọn yóò fi ara họ.

Ohun tí ó ya ìran yìí sọ́tọ̀ ni ilé rẹ̀. Kòkòrò sẹ́dà àwọn ará Ṣáínà a máa dá ilé tirẹ̀ kọ́, okùn kan ṣoṣo tí kò já ni ó sì fi ń kọ́ ọ, èyí tí ènìyàn lè tú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ekùkù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni ó ń pawọ́ pọ̀ kọ́ àpò kan ṣoṣo sórí igi. Ìpele mẹ́ta ni àpò náà ní: ìta jẹ́ sẹ́dà tí ó rọ̀, àárín le bí awọ tí a sá gbẹ, inú lọ́hùn-ún sì ni olúkúlùkù ti ń hun yàrá tirẹ̀. Inú ilé yìí ni wọn yóò ti la ẹ̀ẹ̀rùn já, tí òjò ọdún tuntun yóò fi dé, tí wọn yóò sì jáde bí àfòpiná. Nítorí pé okùn àìmọye kòkòrò ti lọ́ mọ́ ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè tú u. Rírán ni a ń ran án, bí a ti ń ran òwú.

Kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó wà. Anaphe venata, tí Butler fún lórúkọ ní 1878, fẹ́ràn igi arère nínú igbó kìjikìji. Anaphe infracta, tí Walsingham kọ nípa rẹ̀ ní 1885, a máa jẹ igi ìrà. Ẹ̀kẹta, tí ó ń gbé orí igi àjàgbọn ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ni Herbert Druce sọ ní moloneyi ní 1887. Alfred Moloney, tí ó di gómìnà Èkó ní 1886, ni wọ́n fi orúkọ yẹn yẹ́ sí. Ọdún 1887 kan náà ni Moloney tẹ ìwé rẹ̀ lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde. Báyìí ni orúkọ gómìnà ṣe wọ inú ìwé lórí ohun tí àwọn obìnrin abúlé ti ń ká lórí igi kí a tó bí baba gómìnà. Àwọn onímọ̀ tún yọ moloneyi kúrò nínú Anaphe lẹ́yìn náà, wọ́n fi sí abẹ́ Epanaphe, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe lórí igi kò yí padà.

Àwọn Òyìnbó gbìyànjú láti sọ sẹ́dà yìí di òwò ńlá. Àwọn Jámánì tilẹ̀ dáwọ́ lé e ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀. Irun tí ó ń yúnni àti okùn tí kò ṣeé tú kò jẹ́ kí ó bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọn mu. Ọwọ́ ìyá Yorùbá ni ó bá mu.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Wọn yóò la ilé ekùkù, wọn yóò gbọn ìdọ̀tí àti irun inú rẹ̀ dànù, wọn yóò sì sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú omi eérú, títí tí oje tí ó lẹ okùn mọ́ ara wọn yóò fi yọ́. Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀ àti sísá, kí wọ́n tó ya á, kí wọ́n sì fi ìrànwú ran án. Ohun tí ó ń jáde kò dán bí sẹ́dà Ṣáínà. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí iyanrìn tí ó gbẹ, tàbí bí tíì tí a da wàrà sí. Aró kò kàn án. Nítorí pé ilé ekùkù púpọ̀ ni ó ń mú òwú díẹ̀ wá, àwọn ahunṣọ a máa pa á pọ̀ mọ́ òwú lásán. Ìdí nìyí tí sányán fi wọ́n, tí ó sì fi di aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ ìsìnkú àgbà àti aṣọ oyè. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́, làálàá obìnrin tí a kò rí ni ó wọ̀.

Orúkọ aṣọ náà tún yẹ ní yíyẹ̀wò. Ní èdè Hausa, tsamiya ni orúkọ igi àjàgbọn, tsamiya náà sì ni orúkọ sẹ́dà tí a ń ká lórí rẹ̀. Lójú tiwa, ìbátan tí ó wà láàrin tsamiya àti sányán hàn gbangba, nítorí ìró àti nítorí ìtumọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé aṣọ tí a ń kà sí ogún Yorùbá pọ́ńbélé ń jẹ́ orúkọ igi ní èdè aládùúgbò wa. Èyí kò dín iyì rẹ̀ kù. Àlàárì, ẹnikejì rẹ̀, gba èdè Lárúbáwá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, sẹ́dà rẹ̀ pupa sì la aṣálẹ̀ Sàhárà já láti Tírípólì. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, sẹ́dà, ti ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni. Ọ̀nà òwò mẹ́ta pàdé lórí òfì kan.

Ìtàn kejì wà tí àwọn tí ń kọ nípa aṣọ kì í sábà mẹ́nu kàn. Ní 1958, Wright àti Morley kọ sínú ìwé ìròyìn Lancet nípa àìsàn kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó ń mú ara gbọ̀n, tí ó sì ń mú kí ènìyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Ní àkókò òjò ni ó ń wọlé, lọ́dọọdún. Osuntokun tún kọ nípa rẹ̀ ní 1972. Ní 1993 ni Adamolekun wá fi hàn pé ekùkù ni ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn náà ti jẹ kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ekùkù orí igi arère. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2000 ṣàlàyé ọ̀nà tí ó ń gbà: ohun kan wà nínú ara ekùkù tí ó ń ba fítámì B1 jẹ́, tí iná ìdáná lásán kò sì pa á run. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní fítámì náà, ara wọn ń yá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ ekùkù ni ó ń ṣàìsàn. Àwọn tí oúnjẹ wọn kò ju gàárì àti ẹ̀gẹ́ lọ, tí fítámì yìí kò pọ̀ lára wọn tẹ́lẹ̀, ni ó ń mú. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ekùkù wúlò fún jù, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni ẹran rẹ̀.

Nígbà tí a bá gbé ìtàn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé kòkòrò kan náà ni oníṣègùn àti ahunṣọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ ara wọn. Ekùkù tí a yan nígbà òjò kò ní kọ́ ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ń ran òwú jọ ń na ọwọ́ sí orí igi kan náà ni, ẹni tí ebi ń pa ni ó sì máa ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Igi náà ńkọ́? Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti là, nítorí náà ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi tí a gé jù ní igbó ilẹ̀ Yorùbá, tí a là ní pákó, tí a sì fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Yúróòpù. Lónìí, bí a bá dé Ìsẹ́yìn tàbí ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn tí a bèèrè sányán, wọn yóò mú un jáde. Òwú ilé iṣẹ́ tí a pa láró ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àwọ̀ ni sányán ń tọ́ka sí báyìí lẹ́nu oníbàárà: ẹni tí ó ń mú aṣọ ẹbí a máa ní òun fẹ́ sányán, kì í ṣe àlàárì, ẹni tí ń tà á yóò sì ka gẹ̀lẹ̀ àti ìró fún un láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn rántí kòkòrò.